Bí Ẹ Bá Fẹ́ Tún Ọsibítù Àdúgbò Yín Kọ́, Ẹni Tó Bá Aláìsàn Wá Ńkọ́?

Aláìsàn kì í dá wá sí ọsibítù ní Abẹ́òkúta. Ìyá rẹ̀ á tẹ̀lé e, tàbí ọkọ rẹ̀, tàbí ọmọ àbúrò kan tó ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Ẹni yìí ló máa san owó káàdì, òun ló máa gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí láábù, òun ló máa sáré lọ ra abẹ́rẹ́ tí fámásì ò ní. Bí ilẹ̀ bá sì ṣú, á tẹ́ páálí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Síbẹ̀, nígbà tí àdúgbò wa fẹ́ tún ọsibítù rẹ̀ kọ́, tí ayàwòrán-ilé gbé ìwé ńlá rẹ̀ kalẹ̀ níwájú wa, mo wá ibi tó fi olùtọ́jú yìí sí títí, n kò rí i.

Nọ́ọ̀sì ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin àti ti ìgbẹ̀bí ni mo ti ṣiṣẹ́ jù, ìdí sì nìyẹn tí àwọn àgbà àdúgbò fi ní kí n wá bá wọn jókòó nínú ìgbìmọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń dá owó jọ lọ́wọ́ báyìí fún irú iṣẹ́ yìí ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Èèyàn méjì ni kí ẹ máa fi ojú inú wò lórí bẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan: ẹni tó dùbúlẹ̀ àti ẹni tó jókòó tì í.

Àwa ará Abẹ́òkúta ni kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ lọ́gbọ́n yìí. Láti 1954 ni Thomas Adéoyè Lámbò, dókítà ọpọlọ tó jẹ́ ọmọ ìlú yìí gan-an, ti ń fi àwọn aláìsàn ọpọlọ wọ̀ sí àwọn abúlé tó yí ọsibítù Aro ká. Ará ilé kan ní láti bá aláìsàn wá, kó máa se oúnjẹ fún un, kó máa mú un lọ gba ìtọ́jú, kó sì wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìtọ́jú náà kò tún mọ́ lórí dókítà nìkan. Iṣẹ́ yìí wà lára ohun tó sọ Lámbò di ẹni àgbáyé, tó fi di igbákejì ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé. Nígbà tí mo mẹ́nu ba èyí nínú ìpàdé, dókítà kan ní bí a bá kọ́ ilé fún àwọn olùtọ́jú, wọn yóò sọ ọ́ di ọjà. Mo ní ọjà ni báyìí náà, a ò kàn kọ́ ìsọ̀ sí i ni.

Kí ẹ tó jẹ́ kí ayàwòrán-ilé fa ìlà kankan, ẹ tẹ̀lé aláìsàn. Èmi àti àwọn ọ̀dọ́ kan jókòó sẹ́nu géètì láti àárọ̀ kùtù, a ń tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn tó ń wọlé pé ká bá wọn rìn. Aláboyún kan gba káàdì ní iwájú, ó lọ wọn ara rẹ̀ ní yàrá kejì, wọ́n ní kó lọ san owó ní ilé tó wà lókè, ó padà wá, wọ́n ní ó ku láábù. Láábù wà nísàlẹ̀. Kí wọ́n tó lè fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ níbẹ̀, ó tún ní láti gòkè lọ sanwó. Ẹ sì mọ ilẹ̀ tiwa, orí àpáta la wà, ibi tó tẹ́ kò pọ̀. A fi báírò fa ẹsẹ̀ rẹ̀ sórí ìwé, ìlà náà wá rí bí ojú ọ̀nà eèrà tí wọ́n da omi sí. Obìnrin tí oyún rẹ̀ ti wọ oṣù kẹjọ ni o.

Àtúnṣe èyí ò ná wa ní bulọ́ọ̀kù kan. A gbé ẹni tó ń gbowó wá sí ẹ̀gbẹ́ ibi káàdì, a sì yọ yàrá kékeré kan lẹ́bàá ibi ìtọ́jú aláboyún tí wọ́n ti lè fa ẹ̀jẹ̀ lára wọn, kí òṣìṣẹ́ máa gbé ẹ̀jẹ̀ náà lọ sí láábù. Ẹ̀jẹ̀ ni kó máa rìn, kí obìnrin jókòó.

Ọ̀rọ̀ òkè àti ìsàlẹ̀ yìí ló dá àríyànjiyàn tó gùn jù sílẹ̀. Agbaṣẹ́ṣe fẹ́ ilé alájà onígíláàsì, ó ní yóò yẹ àdúgbò. Mo bi í pé bí iná bá lọ, ta ni yóò gbé ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún sọ̀kalẹ̀? Kò fèsì. Ẹ má ṣe ka ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sí nǹkan kékeré: bí ẹ bá fẹ́ kí kẹ̀kẹ́ arọ gòkè mítà kan láìpa ẹni tó ń tì í, ọ̀nà náà ní láti gùn tó mítà 12. Lórí ilẹ̀ olókùúta bíi tiwa, ìyẹn máa ń jẹ ààyè. Ohun tí a ṣe ni pé a fi pàjáwìrì, ìgbẹ̀bí àti ibi tí àwọn tó ń wá láti ilé ti ń rí dókítà sí ibi tó bá títì dọ́gba. Ọ́fíìsì àti ilé ìkẹ́rùsí la gbé lọ sókè. Akáńtà lẹ́sẹ̀, kó gun òkè.

Fèrèsé ńkọ́? Ní 1984, Roger Ulrich ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí jáde lórí àwọn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ òróòro fún ní ọsibítù kan ní Pennsylvania. Àwọn 23 ń rí igi láti ojú fèrèsé wọn, àwọn 23 yòókù ń wo ògiri bíríkì. Àwọn tó ń wo igi tètè lọ sílé, oògùn ìrora líle tí wọ́n lò sì kéré. Kò yà mí lẹ́nu, nítorí mo ti rí bí aláìsàn ṣe máa ń yí orí sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá wà. Francis Kéré, ayàwòrán-ilé ọmọ Burkina Faso tó gba Pritzker, ẹ̀bùn ńlá àwọn ayàwòrán-ilé lágbàáyé, ní 2022, ṣe é dáadáa ní ilé ìwòsàn Laongo. Fèrèsé kan wà fún ẹni tó dúró, òmíràn fún ẹni tó jókòó, òmíràn sì wà nísàlẹ̀ fún ẹni tó dùbúlẹ̀. Agbára wa ò ká gbogbo ìyẹn. A kàn gbé fèrèsé wọ́ọ̀dù wálẹ̀ díẹ̀, a sì kọ̀ kí wọ́n gé igi máńgòrò tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Afẹ́fẹ́ pàápàá oògùn ni, níbi tí ikọ́ ife bá wà. Ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2009 sọ pé níbi tí afẹ́fẹ́ òde bá ti ń wọlé fúnra rẹ̀, ó yẹ kí lítà 60 máa wọlé ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan fún aláìsàn kan ní wọ́ọ̀dù lásán, kí ó tó 160 níbi tí wọ́n ń tọ́jú àìsàn tó ń gba inú afẹ́fẹ́ ràn. Ẹ ò lè rí ìyẹn nínú gbọ̀ngàn tí wọ́n ti fèrèsé rẹ̀ pa nítorí ẹ̀rọ amúlétutù. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbalasa, tí etí òrùlé rẹ̀ yọ síta dáadáa kí òjò má baà fẹ́ wọlé, ni kí ẹ fi ṣe ibi ìjókòó. Kí fèrèsé wọ́ọ̀dù wà lọ́tùn-ún lósì, kí ilé sì kọ ojú ẹ̀gbẹ́ gígùn rẹ̀ méjèèjì sí àríwá àti gúúsù, kí oòrùn ọ̀sán má máa se àwọn tó dùbúlẹ̀.

Àwọn nǹkan kan wà tí àwọn ọ̀gá kì í rántí àfi tí ẹ bá bi ẹni tó kàn. Obìnrin tó ń gbá ilẹ̀ ọsibítù wa ló ní kí ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ máa ṣí síta, torí bí aláìsàn bá dákú sínú, ara rẹ̀ ni yóò dí ilẹ̀kùn. Òun náà ló mọ ibi tí omi òjò máa ń dúró sí. Àwọn arúgbó ní àga tí kò lápá kò ṣeé dìde lórí rẹ̀. Àwọn obìnrin ọjà Ìtọ́kú, kọ́tìnì ni wọ́n kọ́kọ́ béèrè, wọ́n ní ojú ń ti àwọn bí wọ́n ṣe ń yẹ àwọn wò lójú gbogbo ayé. Ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn tí wọ́n pa ọjà, la lọ bá wọn, torí ìpàdé aago mẹ́wàá àárọ̀ kò lè rí oníṣòwò. Àwọn ni wọ́n ní kí a fa ọ̀dà aláró sílẹ̀ láti géètì dé ibi ìgbẹ̀bí, kí ẹni tí kò mọ̀wé lè tẹ̀lé e. Ní ìlú aláàdìrẹ, ta ni kò mọ aró?

Ilé àwọn olùtọ́jú fúnra rẹ̀ kò le. Òrùlé, ibi ìsùn ọkùnrin lọ́tọ̀, ti obìnrin lọ́tọ̀, àwọ̀n ẹ̀fọn, omi ẹ̀rọ, okùn ìsáṣọ, àpótí oníkọ́kọ́rọ́, àti ibi ìdáná. Ibi ìdáná yẹn, ẹ gbé e jìnnà réré sí ibi tí àwọn sílíńdà afẹ́fẹ́ ọ́síjìn wà. Òfin ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí àwọn tó ń sùn níbẹ̀ bá yín ṣe é.

Ẹ má sì wó gbogbo ilé lẹ́ẹ̀kan náà, aboyún kì í dúró de kọ́ńkéré. Ẹ kọ́ apá kan, ẹ kó lọ síbẹ̀, kí ẹ tó wó èkejì. Kí wọ́n máa fi omi rin ilẹ̀ kí eruku má baà bo àwọn ọmọ tuntun. Kí iná sólà kọ́kọ́ dé yàrá ìbímọ àti fíríìjì abẹ́rẹ́ àjẹsára, èyí tí kò gbọ́dọ̀ kúrò láàárín ìwọ̀n ìgbóná 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius.

Owó àtúnṣe ọjọ́ iwájú, ẹ yọ ọ́ sọ́tọ̀ kí ẹ tó ra ọ̀dà àkọ́kọ́. Bọ́ọ̀bù á jó, páìpù á bẹ́. Ní tiwa, àwọn ìyá ọjà ló mú kọ́kọ́rọ́ àpótí owó náà lọ́wọ́. Èmi tí mo wà nínú ìgbìmọ̀ gan-an, bí mo bá fẹ́ gba owó bọ́ọ̀bù kan ṣoṣo, wọ́n á ní, "Ìyá nọ́ọ̀sì, rìsíìtì tèṣí dà?"