Bí mo ṣe rí èèyàn tó ń bá mi ṣe géèmù roleplay: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ fẹ́ dá géèmù roleplay tiyín sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tó jẹ́ ọ̀rọ̀ kíkọ nìkan, tí kálukú máa mú ẹnì kan nínú ìtàn táá sì máa kọ ohun tí ẹni yẹn ń sọ àtohun tó ń ṣe, ẹ jẹ́ n sọ ohun tójú mi rí.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ tèmi, odidi oṣù méjì ni mo fi kọ ìtàn ìlú náà, orúkọ ọba 12, ogun tí wọ́n jà, kódà mo kọ oríkì àwọn ìdílé. Mo wá fi líǹkì sí gbogbo gúrúùpù WhatsApp tí mo wà. Èèyàn mẹ́ta ló wọlé, wọ́n ní mo kú iṣẹ́, wọn ò kọ nǹkan kan mọ́. Ó dùn mí gan-an. Ìgbà tó yá ni mo rí i pé mo ti sọ gbogbo ẹ̀ tán, mi ò fi àyè kankan sílẹ̀ fún wọn. Ẹni tó ń pàlọ́ tí ò jẹ́ káwọn ọmọdé gbe orin, àfàìmọ̀ kí wọ́n má sùn lọ.

Nígbà tí mo tún un ṣe, ohun tí mo kọ ò ju ìlà mẹ́rin lọ: ilẹ̀ ti ṣú, ẹ ti dé ẹnubodè, oníbodè ní òun ò ṣílẹ̀kùn, obìnrin kan sì ń sáré bọ̀ lẹ́yìn, ó ń pariwo orúkọ ọ̀kan nínú yín. Kí lẹ máa ṣe? Alẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n dáhùn, ẹnì kan fẹ́ fún oníbodè ní rìbá, ẹnì kejì ní ìyàwó òun ni obìnrin yẹn, èmi gan-an ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ o!

Ẹ má tíì polówó káàkiri. Ẹ wá ẹni méjì tẹ́ ẹ mọ̀, ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ jọ ṣe é fún bí ọ̀sẹ̀ kan ná, torí àlejò tó bá wọlé tó rí i pé ibẹ̀ dá páropáro, á kàn jáde ni. Tó bá sì ti kọ ti àkọ́kọ́, ẹ dá a lóhùn lọ́jọ́ náà. Ọmọkùnrin kan wà tí mi ò dá lóhùn fún ọjọ́ mẹ́rin torí mo ń ṣèdánwò, kò padà wá mọ́, mo ṣì ń rántí ohun tó kọ, ó dáa gan-an.

Richard Bartle, tí òun àti Roy Trubshaw ṣe géèmù kan tó ń jẹ́ MUD ní yunifásítì Essex lọ́dún 1978 (ọ̀rọ̀ kíkọ nìkan nìyẹn náà), kọ ọ́ ní 1996 pé oríṣi mẹ́rin làwọn tó ń ṣe irú géèmù yìí: àwọn tó fẹ́ kó nǹkan jọ, àwọn tó fẹ́ mọ gbogbo kọ̀rọ̀, àwọn tó wá bá èèyàn tàkúrọ̀sọ, àtàwọn tó wá jà. Arábìnrin kan ń ṣe aláṣọ nínú géèmù wa, èmi ń rán adigunjalè sí i lójoojúmọ́, ó dákẹ́. Ìgbà tí mo rán oníbàárà tó ń ná ọjà sí i ló di ẹni tó ń kọ jù.

Tẹ́nì kan bá dákẹ́ fún ọjọ́ méjì, ẹ má dá àwọn yòókù dúró, ẹ kọ ọ́ sínú ìtàn pé ó lọ kí ìyá ẹ̀ lóko. Ẹnì kan padà bá wa lẹ́yìn oṣù mẹ́ta báyìí, ó kọ ọ́ pé òun ru iṣu dé láti oko, gbogbo wa la kọ̀wé kí i káàbọ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn.