Yìnyín (snow) bo ọkọ̀ ojú omi yín? Ẹ kọ́kọ́ wo ìdí ọkọ̀, ìyẹn apá ẹ̀yìn rẹ̀

Ẹ má dúró kó yọ́ fúnra rẹ̀ o. Yìnyín tó ti rin wúwo gan-an: èyí tó ga tó 20 sẹ̀ǹtímítà lè wọn 40 sí 80 kílò lórí mítà kan níbùú lóròó. Ìdí ọkọ̀ á rì sílẹ̀, ihò èéfín ẹ́ńjìnì tó yẹ kó wà lókè á bọ́ sábẹ́ omi, òkun á sì máa rọra wọlé. Bí ọkọ̀ tí kò jò rárá ṣe ń rì níbi tí wọ́n so ó mọ́ nìyẹn.

Ìgbálẹ̀ rírọ̀ tàbí ṣọ́bìrì oníke ni kẹ́ ẹ lò. Irin á ha ọkọ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìdí, kẹ́ ẹ máa kó o tọ̀tún tòsì bákan náà kó má baà fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Omi gbígbóná kọ́ o, gíláàsì á sán! Ẹ la àwọn ihò tí omi ń gbà jáde, torí yìnyín ti dí wọn.

Ẹ gba iná sí bátìrì dáadáa: èyí tó ti kú ń tètè dì, pọ́ǹpù tó ń fa omi jáde nínú ọkọ̀ ò sì ní ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tí yìnyín bá yọ́. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ da antifreeze (èròjà tí kì í jẹ́ kí omi dì) sínú páìpù omi mímu, propylene glycol ni, kì í ṣe ethylene glycol; májèlé nìyẹn.

Ẹ wọ jákẹ́ẹ̀tì ààbò tí kì í jẹ́ kéèyàn rì kẹ́ ẹ tó gun ọkọ̀. Ibẹ̀ ń yọ̀.