Ọṣẹ Kì í Wo Púlì Sàn

Bí ẹ bá wà ní Ọjà-Ọba, Òṣogbo, tí ẹ rí i tí adìẹ ń sá kúrò lójú títì kí ọkọ̀ kankan tó yọ, ẹ má wòye jìnnà, Camry Orobo Bàbá Tíṣà ló ń bọ̀. Láàárọ̀, bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan ẹ́ńjíìnì, á ké bí ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n fẹ́ pa. Bó bá gbóná, á rọlẹ̀ díẹ̀. Bí Bàbá bá ṣèèṣì tan AC, ìṣọ́ òru bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Màmá kò nílò fóònù láti mọ̀ pé Bàbá ti ń bọ̀ nílé. Bí wọ́n bá ti gbọ́ igbe náà láti ìkóríta, wọ́n á da èlùbọ́ sínú omi tó ń hó. Kí Bàbá tó pa ọkọ̀, àmàlà ti dé orí tábìlì.

Gbogbo ènìyàn ní bẹ́líìtì ẹ́ńjíìnì, èyí tó ń yí alternator tó ń fún bátìrì níná, tó sì ń yí AC, ló ń ké. Bàbá ra bẹ́líìtì mẹ́ta láàárín oṣù méjì. Nígbà tó sú wọn, wọ́n ṣe ohun tí dẹ́rẹ́bà máa ń ṣe: wọ́n gba ìdajì ọṣẹ ìfọṣọ lọ́wọ́ Màmá, wọ́n fi pa inú bẹ́líìtì. Ó dákẹ́ lóòótọ́, fún nǹkan bíi kìlómítà mẹ́rin. Lẹ́yìn náà ni òjò dé. Nígbà tí ọkọ̀ fi máa dé Alẹ́kúwodò, ìfófòó ti ń yọ ní iwájú rẹ̀. Ọmọ kan tó ń ta omi kúnlẹ̀ kí wọn, ó ní, "Bàbá, ẹ kú aṣọ fífọ̀."

Ọjọ́ yẹn ni Orobo dé ṣọ́ọ̀bù.

Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ kò ní kọ́kọ́ wo bẹ́líìtì. Jẹ́ kí ẹ́ńjíìnì máa ṣiṣẹ́, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ táyà iwájú lápá ọ̀tún, kí o wo púlì kírànkì, ìyẹn àgbá pẹlẹbẹ tó wà lẹ́nu kírànkì (ọ̀pá tí písítìn ń yí nínú ẹ́ńjíìnì), tí bẹ́líìtì gbá mú. Tó bá ń yí geere, ó dára. Ti Bàbá ń jó bàtá. Ẹ má sì fi ọwọ́ tàbí agbádá sún mọ́ ọn láti wò ó dáadáa.

Púlì yìí kì í ṣe irin kan ṣoṣo. Irin méjì ni, rọ́bà sì wà láàárín wọn. Ẹ pe irin inú ní ìyá, òun ló di kírànkì mú. Ẹ pe òrùka ìta ní ọmọ, òun ni bẹ́líìtì ń gbá mú. Rọ́bà ni ọ̀já. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gbé gbígbọ̀n kírànkì mì. Ooru ọdún púpọ̀ a máa mú un le kó sì sán, ọ́ọ̀lì tó ń jò lára síìlì kírànkì a sì máa mú un rọ̀. Bí ọ̀já bá tú, ìyá ń sáré lọ, ọmọ ń fà sẹ́yìn. Bẹ́líìtì á máa rìn wọ́gọwọ̀gọ, etí rẹ̀ á ya, alternator kò ní yí tó bó ṣe yẹ, iná bátìrì á máa ṣẹ́jú nínú ọkọ̀. Bẹ́líìtì tuntun mẹ́wàá kò lè tún ọ̀já dì.

Èyí tó pani lẹ́rìn-ín jù ni pé ara ọmọ ni ilé iṣẹ́ Toyota gé àmì táímìnì sí, àmì tí wọ́n fi ń mọ ìgbà tí písítìn kìn-ín-ní dé òkè.

Mẹkáníìkì kan ti pààrọ̀ táímìnì bẹ́líìtì fún Bàbá ṣáájú, bẹ́líìtì inú kọ́fà tó so kírànkì mọ́ káàmù tó ń ṣí fáàfù. Ó wo àmì ara púlì, ó gbé e sí òdo tó wà lára kọ́fà, ó ní iṣẹ́ parí. Kò mọ̀ pé àmì náà ti rìn kúrò ní ipò rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí ọkọ̀ bá kan òkè lọ́nà Iléṣà, kòrópe tó kó èrò kún pẹ̀lú àpò gàrí lórí á yà á kọjá. Ó ń gbóná, ó ń mu epo bí ẹni tí wọ́n fi jẹ oyè ẹlẹ́mu.

Bí wọ́n ṣe ń mú irú àmì bẹ́ẹ̀ lópùrọ́ rèé. Yọ plọ́ọ̀gì kìn-ín-ní, èyí tó wà lápá bẹ́líìtì. Ti sítírọ́ọ̀ gígùn tó lágbára díẹ̀ wọlé kó fara kan orí písítìn. (Ẹ má lo igi ìgbálẹ̀. Bó bá kán sínú, ẹ ti ní iṣẹ́ míì nìyẹn.) Fi sípánà yí kírànkì bí ọwọ́ aago ṣe ń lọ títí sítírọ́ọ̀ fi gòkè dé ibi kan tí o sàmì sí lára rẹ̀, fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sára púlì ní ọ̀gangan òdo tó wà lára kọ́fà. Máa yí i lọ títí tó fi gòkè tán, tó sì sọ̀ kalẹ̀ padà dé ibi kan náà, fa ìlà kejì. Àárín ìlà méjèèjì ni òkè písítìn gidi. Ti Bàbá fi sẹ̀ǹtímítà 2.5 yàtọ̀ sí àmì. Lára púlì tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 15, dígíríì kan kò ju mìlímítà 1.3 lọ, nítorí náà àmì ti fi nǹkan bíi dígíríì 19 ṣìnà. Iná plọ́ọ̀gì ń dé bí àlejò tó wọ ilé ìnáwó nígbà tí wọ́n ti ń kó àga.

Ibi tí wọ́n ti fẹ́ tú púlì ni ẹ̀rín ti pọ̀ sí i. Nọ́ọ̀tì kírànkì, sọ́kẹ́ẹ̀tì 19, máa ń gba ọ̀pá gígùn àti ìmí ẹ̀dùn. Ọmọ iṣẹ́ fi ọwọ́ kan tú ti èyí, ó sì ń wo ọ̀gá lójú bí ẹni tó ṣẹ̀. Púlì bọ́ sílẹ̀, nǹkan kan tó ń dán sì jábọ́ tẹ̀ lé e: pẹ́ńpẹ́ agolo mílíìkì. Irin pẹlẹbẹ kékeré tó yẹ kó di púlì mọ́ kírànkì ti jẹ, ojú ihò rẹ̀ ti fẹ̀, wọ́n wá gé agolo há a láàárín. Nínú Òṣogbo tí ilé iṣẹ́ Machine Tools wà o! Bàbá gbé e wò, wọ́n ní, "Epo tó ń mu kò tó o, ẹ tún fún un ní mílíìkì."

Nọ́ọ̀tì tí kò le ló fa ìyẹn. Ìwé ẹ́ńjíìnì 5S-FE yìí ní kí wọ́n dì í dé 108 Nm. Ẹni tí kò ní torque wrench, sípánà tó ń wọn agbára tí wọ́n fi di nọ́ọ̀tì, kó lo ọ̀pá ìdajì mítà, kó sì tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ń gbé kìlógírámù 22, kò tó ìdajì àpò sìmẹ́ǹtì. Irin pẹlẹbẹ tuntun gbọ́dọ̀ há pinpin. Bí àyè rẹ̀ kò bá ju ìdajì mìlímítà lọ, fọ ibẹ̀ kí ọ̀rá tán, fi gọ́ọ̀mù irin tó ń jẹ́ Loctite 660 sí i, kó sùn mọ́jú kó tó ṣiṣẹ́. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, kírànkì ni kí ẹ máa wò. Wélídà ẹ̀gbẹ́ ti gbé iná dé pé òun á jó ìyá pọ̀ mọ́ ọmọ. Wọ́n dá a padà: rọ́bà á jóná, púlì kò sì ní dọ́gba mọ́ láéláé.

Púlì tòkunbọ̀ ni wọ́n rà. Èyí tí rọ́bà rẹ̀ kò sán, tí kò wú jáde, ni kí ẹ mú. Kí ẹ tó dì í, fi ọ̀dà funfun fa ìlà kan láti ìyá kọjá rọ́bà dé ọmọ. Lọ́jọ́ tí ìlà bá ṣẹ́, ọ̀já ti ń tú.

Táímìnì fúnra rẹ̀ kò le. Ihò kékeré ara púlì káàmù dojú kọ àmì orí béárínnì rẹ̀, písítìn kìn-ín-ní wà lókè, bẹ́líìtì wọlé, sípíríìnì fà á le, fi ọwọ́ yí kírànkì lẹ́ẹ̀mejì gbáko, tún wò ó, kí o tó di nọ́ọ̀tì táínṣánnà, púlì tó ń fa bẹ́líìtì le, ní 42 Nm. Lẹ́yìn náà, nígbà tí ẹ́ńjíìnì bá gbóná, fi wáyà so TE1 àti E1 pọ̀ nínú àpótí tí wọ́n kọ DIAGNOSIS sí, fi iná táímìnì, tọ́ọ̀ṣì tó ń ṣẹ́jú bí plọ́ọ̀gì ṣe ń tanná, wò ó, yí dísíríbútọ̀ tó ń pín iná fún plọ́ọ̀gì títí yóò fi jẹ́ dígíríì 10 ṣáájú òkè. Yọ wáyà náà. Ẹ́ńjíìnì yìí lẹ́mìí ìfaradà ṣá: bí táímìnì rẹ̀ bá yẹ̀, fáàfù àti písítìn kì í pàdé. Ẹ má dán an wò lára Honda Accord tó ń lo ẹ́ńjíìnì F22, wọ́n ń pàdé níbẹ̀.

Orobo dákẹ́. Adìẹ Ọjà-Ọba kò sá mọ́, Bàbá ló wá ń fọn fèrè.

Ní ọjọ́ kẹta, Bàbá padà wá sí ṣọ́ọ̀bù, ojú wọn le. Ọ̀gá dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ kú àárọ̀, sà. Ṣé ó tún ń ké ni?"

"Kò ké," ni Bàbá wí. "Ọjọ́ mẹ́ta rèé tí mo ń délé bá ìkòkò tútù. Màmá ní àwọn ò gbọ́ mi."

Wọ́n wo inú bónẹ́ẹ̀tì, wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣé ẹ ò lè dá díẹ̀ padà níbẹ̀? Kó kàn máa ké láti ìkóríta délé."