Ẹ ti kọ ọ́ tán kẹ́ ẹ tó bi wá

Ọ̀rọ̀ tí Ìyá Eléwé sọ ní ìpàdé àdúgbò wa ò kúrò létí mi. "Ẹ ti kọ ọ́ tán kẹ́ ẹ tó bi wá." Kò pariwo o. Gèlè ẹ̀ tó tú ló ń so, ó sọ ọ́ bí ẹni ń bá ara ẹ̀ sọ̀rọ̀, àmọ́ gbogbo àwa tá a wà lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn la gbọ́.

Mo fọ aṣọ láàárọ̀. Wọn ò mú iná wá. Mo se ẹ̀wà, kò tètè jinná. Kò tún sí nǹkan míì ṣáájú ìpàdé.

Mo ti ń retí ìpàdé yẹn tipẹ́, ẹ̀yin náà mọ̀. Wọ́n ní ká wá sọ tẹnu wa lórí ètò ìdàgbàsókè àdúgbò tá a fẹ́ fi wá owó CARES, ètò ìrànwọ́ tí wọ́n gbé kalẹ̀ nígbà Kòrónà. Ètò CARES yẹn wù mí, n ò ní purọ́. Oṣù Kejìlá 2020 ni Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí 750 mílíọ̀nù dọ́là fún un; ìpínlẹ̀ ló máa kọ́kọ́ náwó, tí wọ́n bá yẹ̀ ẹ́ wò tí iṣẹ́ wà nílẹ̀ lóòótọ́, wọ́n á wá san án padà fún un. Èyí tó tiẹ̀ wọ̀ mí lọ́kàn jù ti wà látìgbà CSDP, ètò ìdàgbàsókè àdúgbò tó ṣáájú CARES: ará àdúgbò fúnra wọn ló máa jókòó, obìnrin lọ́tọ̀, ọ̀dọ́ lọ́tọ̀, àgbà lọ́tọ̀, kí oníkálukú sọ ohun tó ń dùn ún, kí wọ́n wá jọ mú èyí tó ká gbogbo wọn lára jù. Ẹ̀yìn ìyẹn lèèyàn tó ń mú bírò.

Tiwa ti wà nínú páálí kó tó kàn wá. Gééti lẹ́nu ọ̀nà títì. Kànga ẹ̀rọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tá a ti ń ṣèpàdé. Iná sólà, láti títì títí dé ọ̀dọ̀ alága. Akọ̀wé kà á tán, ó ní ẹni tó bá ní àbá kó nawọ́, kó tó dé orí "nawọ́" ìwé ìbuwọ́lùwé ti ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́.

Gọ́tà ìsàlẹ̀ ò sí níbẹ̀. Afárá ò sí níbẹ̀.

Mo nawọ́, mo béèrè ẹ̀. Wọ́n ní owó ẹ̀ á pọ̀ jù, pé ti ìjọba nìyẹn. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ Ìbàdàn la wà! Ta ni kò rántí 26 oṣù Kẹjọ 2011? Ó lé ní ọgọ́rùn-ún èèyàn tí omi gbé lọ. Nítorí ọjọ́ yẹn ni wọ́n ṣe lọ yá 200 mílíọ̀nù dọ́là ní Báńkì Àgbáyé, tí wọ́n fi ṣe afárá àti ojú omi káàkiri ìgboro. Àwa wá jókòó, à ń ṣètò gééti. Omi ò mọ gééti.

Bàbá kan níwájú ní a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Inú mi kọ́kọ́ dùn sí i, àmọ́ nígbà tí mo délé ni mo rí i pé kò bá ọ̀rọ̀ mu tán. Olórí wà níbẹ̀. Wọ́n ti fá a tán ni wọ́n pè é.

Ẹ má jẹ̀ẹ́ n ṣàìdáa sí akọ̀wé ṣá. Owó ara ẹ̀ ló fi tẹ ìwé yẹn. Ó ní tó bá jẹ́ pé a fẹ́ dúró dìgbà tí gbogbo ilé bá sọ̀rọ̀, òjò á ti dé. Mi ò lè sọ pé irọ́ ló ń pa. Àwọn kan ò wá ìpàdé rí, àfi ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ pín nǹkan...

Ṣùgbọ́n owó ńkọ́? Nígbà CSDP, ìdá kan nínú mẹ́wàá ni àdúgbò ń dá, ì báà jẹ́ owó, yanrìn tàbí iṣẹ́ ọwọ́. Iṣẹ́ mílíọ̀nù mẹ́wàá, ẹ ó wá mílíọ̀nù kan. Alága ti ní ká máa múra lẹ́fì sílẹ̀, onílé àti ayálégbé. Tó bá di ká dáwó, ayálégbé náà di ará àdúgbò.

Ìwé ìbuwọ́lùwé yẹn, ọ̀nà méjì ni wọ́n pín in sí. Lápá ti onílé, wọ́n ti tẹ orúkọ kálukú sílẹ̀. Lápá ti ayálégbé, ìlà lásán. Ìyá Eléwé mú bírò dání, ó wo ìlà yẹn fún ìgbà díẹ̀. Òun tó jẹ́ pé ìsàlẹ̀ gọ́tà gan-an ló ń gbé, tó ń gbé ewé ẹ̀ sórí tábìlì tí òjò bá ti ṣú. Kò kọ nǹkan kan. Ó gbé bírò àti ìwé fún mi, ó sì sọ gbólóhùn tó sọ.

Èmi náà ò buwọ́ lù ú. Mo ti kọ̀wé sí akọ̀wé lórí WhatsApp pé kí wọ́n pe ìpàdé míì, lálẹ́, nígbà táwọn ọlọ́jà ti dé, kí wọ́n sì mú ìwé tí wọn ò tíì kọ nǹkan kan sí wá. Ó fèsì pé alága ló lè sọ̀rọ̀ sí i. Kò burú. Lọ́la lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀dọ̀ alága ni mò ń lọ. Ìyá Eléwé ní a jọ ń lọ ni, òun á sọ fún Ìyá Sàkírà náà.