Ẹ Bá Mi Dúpẹ́, Ọkọ Mi Ti Wálé

Ẹ̀yin ará, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ bá mi gbé Jésù ga. Láti ìgbà tí mo ti bẹ̀ yín pé kí ẹ máa gbàdúrà fún ọkọ mi ni ẹ ò ti gbóhùn mi mọ́. Ẹ má bínú, ẹnu mi ló wúwo. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, bàbá àwọn ọmọ mi fi ọ̀pá méjì há abíyá, ó rìn wọ ilé Ọlọ́run fúnra rẹ̀. Mi ò lè dákẹ́ mọ́.

Ẹ ti gbọ́ bí ọkọ̀ tí ọkọ mi wọ̀ ṣe gbókìtì láàárín Àjàṣẹ́-Ìpo sí Ìdófìán, mi ò ní tún ìyẹn sọ. Alẹ́ ọjọ́ kejì ni kò kúrò lójú mi. Egungun itan rẹ̀ tó ṣẹ́ ti mú kí ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ dà sínú ẹran ara. Dókítà ní àwọn máa ṣe iṣẹ́ abẹ, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wà nílẹ̀. Irú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní O negative ni tirẹ̀. Ẹni tó bá ní irú ẹ̀jẹ̀ yẹn lè fún ọ̀pọ̀ èèyàn, ṣùgbọ́n ti ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ nìkan lòun náà lè gbà. A positive ni tèmi. Ogún ọdún tí a ti jọ ń jẹ, tí a jọ ń mu, ẹ̀kán kan kò ṣeé fún un lára mi! Wọ́n wo ibi tí wọ́n ń kó ẹ̀jẹ̀ sí, kò sí. Mo fọwọ́ kan àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, ó tutù bí omi inú àmù. Mo pè é, kò dá mi lóhùn. Ni mo bá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, bàtà rẹ̀ ẹsẹ̀ kan lọ́wọ́ mi, àdúrà gan-an kò wá sí mi lẹ́nu.

Ìyá Onígààrí ní ọjà Ìpàta ní Ìlọrin ni mo pè. Wọn ò bi mí ní ìbéèrè kankan. "Mò ń bọ̀" ni wọ́n sọ. Kí aago mọ́kànlá òru tó lù, ọkọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ti já èèyàn mọ́kànlá sílẹ̀, gbogbo wọn ń ká apá aṣọ sókè. Ọ̀kan wà nínú wọn, ọmọ ẹgbẹ́ akọrin wa, kílò 48 ni ìwọ̀n gbé fún un, wọ́n ní ó gbọ́dọ̀ pé 50. Ọmọ náà sunkún bí ẹni tí wọ́n lé nílé. Nígbà tó sunkún tán, ó kó aṣọ ẹlẹ́jẹ̀ ọkọ mi, ó fọ̀ ọ́ títí ilẹ̀ fi ń mọ́.

Nínú mọ́kànlá, ẹyọ ẹnì kan ni tirẹ̀ bá a mu: arákùnrin wẹ́dà tó máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, tí ọ̀pọ̀ wa máa ń kọjá lára rẹ̀ láìkí i. Ẹ̀yin ará, ẹ máa kí àwọn tó ń ṣílẹ̀kùn fún yín. Ẹnì kejì wá láti Òmù-Àrán. Wọ́n kéde níbi àdúrà òwúrọ̀ níbẹ̀ pé a ń wá ẹ̀jẹ̀, olùkọ́ kan sì wọ ọkọ̀ àkọ́kọ́ wá sí Ìlọrin, ẹni tí kò rí wa rí. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ méjèèjì wò dáadáa nítorí éèdì àti àrùn ẹ̀dọ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé ọkọ mi wọ tíátà.

Ẹ̀yin tí ẹ wá bá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì pé ẹni tó nígbàgbọ́ kì í gba ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn, mo gbọ́ yín. Ẹ̀yin tí ẹ ríran pé ọwọ́ ìyá ọkọ mi wà níbẹ̀, mo gbọ́ yín náà. Ìyá yẹn ló ta gbogbo kajú tó kó jọ lọ́dún yìí kí a lè san owó irin tí wọ́n fi sí ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀. Ọjọ́ méje òun òru méje ni àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù fi jókòó tì í láìsọ̀rọ̀, iṣẹ́ rere ni wọ́n ṣe. Ìgbà tí wọ́n lanu ni wọ́n bà á jẹ́. Tí ẹ bá ń lọ kí aláìsàn, ẹ gbé omi dání, ẹ gbé owó dání, ẹ fi ìran sílẹ̀ nílé. Kí ẹ sì lọ mọ irú ẹ̀jẹ̀ yín lọ́sẹ̀ yìí, ẹ kọ ọ́ síbi tí ará ilé yín ti lè rí i.

Mi ò lè gbàgbé Àlàájà tí ilé wa kan tiwọn. Odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni àwọn ọmọ mi fi ń jẹun lọ́dọ̀ wọn, tí wọ́n ń sùn síbẹ̀. Ọlọ́run yóò san án fún wọn.

Ṣùgbọ́n Ìyá Onígààrí, ẹ jẹ́ kí n sọ tiyín lójú gbogbo ayé. Ilé ìwòsàn yẹn náà ni bàbá, ọkọ yín, ti kú mọ́ yín lọ́wọ́ ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo wá kí yín nígbà náà, tí mo sì kánjú lọ. Síbẹ̀ ẹ padà wọ ọ̀nà àbáwọlé kan náà nítorí tèmi, lójoojúmọ́, tẹ̀yin ti kúlà ọ̀gì gbígbóná. Ẹ ò sọ fún mi rí pé kí n má sunkún. Ẹ kàn ń di ọwọ́ mi mú. Ọjọ́ tí ọkọ mi lajú tó béèrè oúnjẹ, ẹ jáde lọ sí kọ́rídọ̀, mo sì gbọ́ ẹkún yín. Ẹ forí jì mí, Ìyá.

Kúlà yín ṣì wà lọ́dọ̀ mi. Mo ti fọ̀ ọ́. Tí ọjọ́ Ìṣẹ́gun bá dé, màá gbé e wá sí Ìpàta, a ó sì jọ jókòó nínú ìsọ̀ yín títí ọjà yóò fi tú.