Pátákó orúkọ yàrá lédè Manx: ibi tí iṣẹ́ dé

Èyí tó ti wà lára ilẹ̀kùn báyìí: shamyr aarlee, ìyẹn ilé ìdáná, shamyr lhiabbagh, yàrá ìbùsùn, shamyr oonlee, balùwẹ̀, àti premmee, ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Manx ni èdè àwọn ará Isle of Man, erékùṣù kan tó wà láàárín Ireland àti Britain.

Pátákó pẹlẹbẹ, sẹ̀ǹtímítà 15 ní gígùn, 5 ní fífẹ̀. Sáńpépà oní nọ́ńbà 120 ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi ha á, kí oní nọ́ńbà 240 tẹ̀ lé e. Ẹ kùn ún ní ọ̀dà funfun lẹ́ẹ̀mejì kẹ́ ẹ tó kọ nǹkan kan sí i. Igi tí kò gba ọ̀dà á fa yíǹkì mu, etí lẹ́tà á sì fọ́n ká. Ti balùwẹ̀, ìṣó ni kẹ́ ẹ fi kàn án. Oru omi gbígbóná máa ń tú gọ́ọ̀mù.

Ẹ̀yìn pátákó ló le jù, torí shamyr kì í dúró bẹ́ẹ̀ nínú gbólóhùn. “Nínú ilé ìdáná” ni 'sy çhamyr aarlee. “Yàrá mi” ni my hamyr. Ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ló ń yí padà. Ìdí nìyẹn tí orúkọ lásán fi wà níwájú, tí 'sy çhamyr sì wà lẹ́yìn. Bíi ti Yorùbá, ọ̀rọ̀ àpèjúwe ló ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ orúkọ, àmọ́ nínú gírámà Manx, shamyr jẹ́ ọ̀rọ̀ abo, thie, ilé, jẹ́ ọ̀rọ̀ akọ, ọ̀rọ̀ abo ló sì ń sọ mooar, ńlá, di vooar: shamyr vooar, yàrá ńlá, thie mooar, ilé ńlá. Ẹ má kọ “shamyr mooar”.

Ẹ má gbàgbé ìrù abẹ́ ç. Çh dà bí ìgbà tí t bá lẹ̀ mọ́ ṣ. Ch aláìnírù, bíi ti cha, “kò”, inú ọ̀fun ló ti ń jáde. Lórí Windows, ẹ di Alt mú, kẹ́ ẹ tẹ 0231.

Èyí tó kàn ni ti ilé àtijọ́, òun ló sì dùn jù. Níbẹ̀, yàrá kan ṣoṣo ni thie mooar: ibẹ̀ ni çhiollagh, ààrò, wà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dáná, tí wọ́n sì ń jókòó. Cuillee ni yàrá kékeré tí wọ́n ń sùn sí, lout sì ni àjà. Ilé Harry Kelly ní Cregneash, abúlé kan ní Isle of Man, tí wọ́n ṣí fún àwọn àlejò lọ́dún 1938, ni ká fi ṣe àwòkọ́ṣe. Ilé páálí kékeré la máa lẹ ìwọ̀nyí mọ́, torí ilé òde òní kò ní çhiollagh. Dorrys, ilẹ̀kùn, àti uinnag, fèrèsé, ló kù.