Ọmọ ọdún 14 ni
Mo bá màmá kan dé àgọ́ ọlọ́pàá kan l'Ékòó lọ́jọ́ Ẹtì. Ó ti pẹ́ tí màmá yìí ti ń jà fún àwọn ọmọ tó bá kó sọ́wọ́ òfin. Ọmọ ọdún 14 ni àwọn ọlọ́pàá tì mọ́lé pẹ̀lú àwọn géńdé, wọ́n ló jí fóònù. Sálúbàtà ẹsẹ̀ kan ló kù lẹ́sẹ̀ ẹ̀, ó wá gbé ẹsẹ̀ kejì lé e torí ilẹ̀ tutù.

Màmá ò pariwo. Wọ́n yọ ìwé Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tó ti gbó létí jáde: "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, òfin ní kẹ́ ẹ pe òbí ẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ṣé ẹ ti pè wọ́n?"

Wọn ò pè wọ́n. Ọjọ́ kẹta rèé o!

Abala 213 òfin ọdún 2003 yẹn ò tiẹ̀ fẹ́ kí ilé ẹjọ́ lo ọ̀rọ̀ "ìdálẹ́bi" fún ọmọdé. Síbẹ̀, "olè" ni gbogbo wọn ń pe ọmọ yìí. Ó dùn mí wọra.

Nígbà tí ìyá ẹ̀ sáré dé, kò bèèrè fóònù kankan. Ó fọwọ́ kan ikùn ọmọ ẹ̀: "Ṣé o ti jẹun?"